Kíkorò, híhó àti antioxidant: nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ inú ewé ewúro

Ẹ já ewé ewúro bíi mẹ́wàá, ẹ rún un sínú abọ́ omi tútù, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Omi náà á kọ́kọ́ hó rúrú bí ẹni pé ẹ da ọṣẹ sí i. Ẹ tọ́ ọ wò, á korò débi tí ojú á fi fún pọ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì fún wákàtí kan, àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ á ti máa ṣú, á máa yí sí àwọ̀ ilẹ̀. Ohun mẹ́ta tí ẹ rí yìí, èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fà á. Ìkẹta tí a kì í kà sí rárá, ìyẹn omi tó ń ṣú, òun gan-an ló jẹ mọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní antioxidant, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ara.

Ní Ìbàdàn níbí, láti Bódè dé Ọjà Ọba, ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ni pé bí omi ewúro bá ṣe korò tó ni agbára rẹ̀ ṣe tó, àti pé ẹni tó fọ̀ ọ́ ti da oògùn nù. Èrò yìí ló ń mú kí àwọn kan máa mu ife ńlá lójoojúmọ́, tí àwọn mìíràn sì rò pé ẹ̀fọ́ ewúro inú ọbẹ̀ kò wúlò fún nǹkankan. Méjèèjì ló ṣìnà, ẹ sì máa rí ìdí rẹ̀ tí a bá ya èròjà ewé náà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kíkorò. Àwọn àgbà ní ewúro kì í fi tojo korò, òótọ́ sì ni. Ohun ìjà igi náà nìyẹn sí kòkòrò àti ẹran tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Vernonia amygdalina ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ ọ́n sí látijọ́; nínú ìwé tuntun, ẹ tún lè rí i ní Gymnanthemum amygdalinum. Igi kan náà ni. Ẹbí kan sì ni òun, yánrin, èbòlò àti imí-eṣú. Èròjà tó ń mú un korò pín sí ọ̀nà méjì: sesquiterpene lactone, irú bíi vernodalin àti vernolide, àti àwọn steroid glycoside tí wọ́n fún lórúkọ vernonioside.

Vernodalin kì í ṣe nǹkan eré. Nínú yàrá ìwádìí, ó ń pa kòkòrò àrùn, ó sì ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ọ̀nà tó ń gbà pa wọ́n ni pé ó ní ẹnu kan tó máa ń gé mọ́ èròjà tí sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) bá wà nínú rẹ̀, kì í sì í tètè tú. Ọ̀kan lára ohun tí sọ́fọ̀ wà nínú rẹ̀ lára wa ni glutathione. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí àwọn tó mọ ọjà ìpara ìbóra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa ni pé òun ni antioxidant tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ní in jù. Nítorí náà, tí èròjà kíkorò yìí bá pọ̀ jù lára, ńṣe ló máa ń jẹ antioxidant ara tán. Òdì kejì ohun tí a tìtorí rẹ̀ mu ún nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Tí gbogbo ìyókù bá gbàgbé, kí èyí má gbàgbé.

Ìnàkí gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 1987, ní igbó Mahale ní Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde, tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà tó mọ egbòogi, ń tẹ̀ lé abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Chausiku ni wọ́n ń pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun, ṣe ló ń sùn ṣáá. Ó lọ sídìí ewúro, ó ya ẹ̀ka tútù kan, ó bó èèpo rẹ̀ dànù, ó sọ ewé rẹ̀ nù, ó wá ń jẹ mùdùnmúdùn àárín igi náà lẹ́nu, ó ń fa oje rẹ̀ mu, ó sì ń tu háháà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń mókun. Nígbà tí wọ́n yẹ igi náà wò, wọ́n rí i pé inú ewé àti èèpo ni vernodalin pọ̀ sí, ó pọ̀ tó ohun tó lè ṣe ìnàkí ní jàǹbá, àti pé vernonioside ló wà nínú mùdùnmúdùn náà. Ẹranko tí ara ń ni yìí yẹra fún ibi tó le jù lára igi náà. Ewé yẹn ni àwa ń jẹ, ìdí sì nìyẹn tí fífọ tí àwọn ìyá wa ń fọ ewúro kì í fi í ṣe ìfiṣòfò. Fífọ ló ń sọ ewé náà di oúnjẹ.

Híhó kò gba àlàyé púpọ̀. Saponin ló ń fà á, irú èròjà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ewé àti èso tí àwọn baba wa fi ń fọ aṣọ. Apá kan rẹ̀ máa ń bá omi, apá kejì máa ń bá òróró, ìdí tó fi ń hó bí ọṣẹ nìyẹn. Tó bá pọ̀ nínú ikùn òfìfo, ó máa ń rin inú, ó sì lè mú èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru wá. Àwọn kan á ní "ó ń fọ inú ni". Inú tó ń bínú ni.

Ó wá ku antioxidant, ẹ sì jẹ́ ká rọra ṣe é, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹnì kan jáde, kò rí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ti ẹlòmíràn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ìyẹn náà jáde, kò rí tirẹ̀, ó mú ti ẹnìkẹta. Kí á tó ṣẹ́jú, ogún ènìyàn ti ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Bàtà yìí ni elétírọ́ọ̀nù, tó máa ń wà ní méjì-méjì. Èròjà tí ọ̀kan nínú méjì rẹ̀ sọnù ni wọ́n ń pè ní free radical. Yóò já ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà: lára ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì, lára púrótéènì, lára DNA pàápàá. Èéfín sìgá, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti oòrùn tó mú janjan wà lára ohun tó ń bí i, ṣùgbọ́n mímí tí a ń mí gan-an ń bí i pẹ̀lú, torí ọ́síjìn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń sun oúnjẹ. Kì í sì í ṣe ọ̀tá lọ́jọ́ gbogbo. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dìídì ṣe é láti fi pa kòkòrò àrùn. Antioxidant ni ẹni tó ní bàtà mìíràn nínú báàgì: ó bọ́ ẹsẹ̀ kan fún ẹni tí tirẹ̀ sọnù, kò sì lọ já ti ẹnikẹ́ni gbà. Ìjà parí síbẹ̀.

Nínú ewúro, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù ni flavonoid. Ní 1994, G. O. Igile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti ya mẹ́ta sọ́tọ̀ lára ewé náà: luteolin, àti oríṣi méjì tí ṣúgà tàbí ásíìdì inú ṣúgà so mọ́ luteolin. Luteolin tí kò sí ohun tó so mọ́ ọn ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàtọ̀ sí wọn, fítámì C wà níbẹ̀, fítámì E wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni carotenoid, tí í ṣe ẹbí àwọ̀ pupa inú epo pupa. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo wọn tó jẹ́ ohun tó ń mú ewúro korò bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fọ ìkorò náà kúrò kí carotenoid má mì rárá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní yàrá ìwádìí wa ni DPPH, tí Marsden Blois gbé jáde ní 1958. Ìyẹ̀fun kan ni, free radical tó dúró sójú kan tí kì í tètè bàjẹ́. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ methanol (ọtí yàrá ìwádìí tí ènìyàn kì í mu), á yọ àwọ̀ elésè àlùkò, bíi sóbò tó ki dáadáa. Wọ́n á kán omi ewé sí i, wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn fún bíi 30 ìṣẹ́jú, àwọ̀ náà á máa sá títí á fi di ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìyeyè. Ẹ̀rọ á wá wo ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá nínú rẹ̀ ní 517 nanometer. Bí àwọ̀ bá ṣe sá tó ni antioxidant ṣe pọ̀ tó.

Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní IC50, ìyẹn ìwọ̀n ewé tó lè pa ìdajì àwọ̀ náà. Òdì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà á. Ká ní ewé kan ní IC50 jẹ́ 20, òmíràn sì jẹ́ 200, èyí tó jẹ́ 20 ló lágbára, torí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó ṣiṣẹ́ náà. Mo ti rí páálí tíì tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà ńlá gàdàgbà síwájú bí ẹni pé àṣeyọrí ni, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ń sọ pé ewé náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ni. Kí ẹ má sì fi nọ́ńbà yàrá ìwádìí kan wé ti òmíràn, àyàfi tí fítámì C tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n bá wà nínú méjèèjì. Ìgbóná, àkókò àti iye DPPH tí wọ́n lò, gbogbo rẹ̀ ló ń yí èsì padà.

Ohun kejì tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni omi tí wọ́n fi yọ ewé náà. Ọtí líle bíi methanol tàbí ethanol ni wọ́n sábà máa ń lò, torí luteolin kì í fẹ́ yòrò nínú omi tútù. Oríṣi tí ṣúgà so mọ́ ló máa ń bá omi jáde, pàápàá omi gbígbóná. Nítorí náà, ewúro tí ẹ rún sómi tútù nílé kì í ṣe ohun tí ìwé ìwádìí náà sọ̀rọ̀ lé lórí. Saponin àti ohun kíkorò ni ẹ rí mu jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé e wọ inú ara. Tí a bá gbé luteolin mì, díẹ̀ ló ń kọjá lára ìfun, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á sì tètè so nǹkan mọ́ ọn lára láti tì í jáde gba inú ìtọ̀. Ìwọ̀n tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an sí èyí tó pa àwọ̀ DPPH dà. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá gbà báyìí ni pé iṣẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú ara kì í ṣe kí ó máa bá free radical jà lójúkojú. Ó jọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń jí àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀: superoxide dismutase, tí McCord àti Fridovich ṣàwárí ní 1969, catalase, àti glutathione tí a ti mẹ́nu bà. Kíkan ilẹ̀kùn kò gba agbára púpọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lemọ́lemọ́ inú oúnjẹ ti tó.

A ti rí ibi tí "bó ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó" já sí. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní oògùn beta-carotene, 20 mílígíráàmù lójúmọ́. Àwọn tó wà nínú ìwádìí náà lápapọ̀ lé ní 29,000. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi nǹkan bí 18 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo oògùn náà. Carotenoid kan náà yìí wà nínú ẹ̀fọ́, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kankan nínú ọbẹ̀. Ní 2012, ìjọba Amẹ́ríkà yọ àkójọ nọ́ńbà antioxidant inú oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ORAC kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn oníṣòwò ń fi polówó ọjà, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà inú ìgò kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn.

Tí ẹ bá gbọ́ pé ewúro ṣe báyìí fún eku, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n fún eku ní 400 mílígíráàmù èròjà gbígbẹ fún kílò kan ara rẹ̀. A kì í kàn fi ìwọ̀n ara ènìyàn sọ ọ́ di púpọ̀. A máa kọ́kọ́ pín in sí 6.2, torí ara eku ń sáré lo nǹkan ju tiwa lọ. Ó di bíi 64.5 mílígíráàmù fún kílò kan. Ẹni tó wọ̀n tó 70 kílò nílò bíi 4.5 gíráàmù èròjà náà. Tí 100 gíráàmù ewé gbígbẹ bá mú 10 gíráàmù èròjà wá, 45 gíráàmù ewé gbígbẹ nìyẹn, tó súnmọ́ 225 gíráàmù ewé tútù, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mu ún o! Ìṣirò yìí kàn ń fi hàn pé ife omi ewúro kan láàárọ̀ jìnnà sí ohun tí wọ́n fún eku, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lé eku bá máa mu vernodalin lámujù lójú ọ̀nà.

Inú ilé ìdáná ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ ra ewé tó le, tí kò tíì rọ, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, M. Fafunso àti Olumbe Bassir tẹ ìwádìí jáde ní 1976 lórí ohun tí sísè ń ṣe sí fítámì C inú ewé tútù àti ewé tó ti rọ. Àti rírọ ni o, àti sísè ni o, méjèèjì ló ń gbé fítámì náà lọ. Ẹ ṣan eruku kúrò lára ewé kí ẹ tó gé e tàbí kí ẹ tó rún un, torí ibi tí ẹ bá ti gé e ni sẹ́ẹ̀lì ti fọ́, tí ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń yí nǹkan padà nínú ewé) ti bá flavonoid pàdé, tí afẹ́fẹ́ sì wọlé. Òun ló ń mú kí omi rẹ̀ ṣú lórí tábìlì: antioxidant tó ti ná ara rẹ̀ tán ni àwọ̀ ilẹ̀ yẹn.

Ẹ rún un nínú omi tútù, ẹ da omi náà nù, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, bóyá lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìfófó bá ti rọlẹ̀, tí ìkorò díẹ̀ sì kù lẹ́nu, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ títí tí kò fi korò mọ́ rárá ti fọ flavonoid tó ń bá omi lọ dànù pẹ̀lú. Iyọ̀ díẹ̀ kò burú. Kán-ún ni kí ẹ yẹra fún. Lóòótọ́ ó ń tètè mú ìkorò kúrò, ó sì ń jẹ́ kí ewé dúró ní àwọ̀ tútù, ṣùgbọ́n ó ń pa fítámì C, ó sì ń mú kí flavonoid yára bàjẹ́. Ẹ da ewé sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sì bẹ̀rù epo pupa inú rẹ̀: carotenoid kò lè wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa láìsí ọ̀rá, ẹ̀gúsí àti epo sì ti parí iṣẹ́ yẹn.

Ẹni tó fẹ́ sá a gbẹ fún àgúnmu, abẹ́ ilé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kó tẹ́ ẹ sí, ní ìpele kan ṣoṣo lórí aṣọ mímọ́, kó máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Oòrùn tààrà máa ń pa àwọ̀ àti carotenoid rẹ̀. Títì ọ̀dà kò bójú mu rárá, torí èéfín ọkọ̀. Nígbà òjò Ìbàdàn, tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ewé ṣì rọ̀, á bu. Ewé tó ti bu, dídànù ló yẹ ẹ́. Lílọ̀ kò lè mú májèlé inú ebu kúrò. Ewé tó gbẹ dáadáa máa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ fún un. Inú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá funfun. Ẹni tí kò bá dá ewé náà mọ̀ dájú lè gbé ẹ̀ka rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó tó bá ní, lọ sí FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó, ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, níbi tí àkójọ ewéko gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Forest Herbarium Ibadan wà. Nọ́ńbà FHI tí ẹ ń rí nínú ìwé ìwádìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Àwọn kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kì í sì í ṣe nítorí ti inú ọbẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo glibenclamide tàbí insulin, tó tún wá ń mu omi ewúro, ṣúgà rẹ̀ lè já lójijì: òógùn tútù, ara gbígbọ̀n, òòyì. Kó tètè mu ohun tí ṣúgà wà nínú rẹ̀, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń mu ún. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ mu omi ewúro tó le. Wọ́n ti rí i lára ẹran ìwádìí pé ó ń mú ilé ọmọ sún kì. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn oògùn tí irin wà nínú rẹ̀, kó fi wákàtí méjì sí àárín òun àti ewúro, torí èròjà bíi luteolin máa ń di irin mú nínú ìfun kó má wọ ẹ̀jẹ̀.

Ó tún ku àwọn tó ń pa àgbo ibà pọ̀ mọ́ oògùn ibà tuntun, èyí tí artemether tàbí artesunate wà nínú rẹ̀. Oògùn yẹn ń pa kòkòrò ibà nípa pé ó ń dá free radical sílẹ̀ nínú kòkòrò náà gan-an. Free radical ni ohun ìjà rẹ̀. Ẹni tó bá wá ń da antioxidant lé e lórí ń gbé omi lọ síbi iná tí òun fúnra rẹ̀ fi owó dá. Ẹ lo oògùn náà pé fún ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ ná, kí ẹ tó padà sídìí ife ewúro. Ti inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà.